Ọmọ Ta Ni? Ìtàn Òfin Ìtọ́jú Ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn baba wa a máa wí pé ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nígbà tí àlàáfíà bá wà nínú ilé, òwe yìí kò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ọkọ àti aya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ojú méjì tí ó bí ọmọ náà kì í fẹ́ rí ara wọn mọ́, ìbéèrè mẹ́ta a sì dìde. Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yóò máa gbé? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Ǹjẹ́ ẹni tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀? A fẹ́ sọ bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí òfin ilẹ̀ náà ni a mú wọ Èkó ní ọdún 1863, ipa rẹ̀ sì wà nínú òfin Nàìjíríà títí di òní.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìdájọ́ Sólómọ́nì. Obìnrin méjì ń du ọmọ kan, ọba sì bèèrè idà kí ó lè mọ èyí tí àánú ọmọ náà ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, adájọ́ kì bá tí wá idà. Ohun tí ì bá bèèrè ni pé, “Baba ọmọ náà ńkọ́?” Ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó, ti baba ni, àfi bí ìwà baba bá burú rékọjá ààlà ni kóòtù fi lè dá sí i. Ní ọdún 1804, ọkùnrin kan tí à ń pè ní De Manneville já ọmọ oṣù 8 gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ìwà ìkà. Ìyá pe ẹjọ́. Lord Ellenborough, olórí àwọn adájọ́, dáhùn pé baba ni òfin fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú, ilé baba ni ó ni ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa a máa dúró kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú ná.

Ẹni tí ó mi òfin yìí tìtì ni Caroline Norton, tí a bí ní ọdún 1808. Ó fẹ́ George Norton, agbẹjọ́rò tí ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, ní ọdún 1827, ó sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta fún un. Ọkọ yìí a máa lù ú. Ní ọdún 1836 George kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Kò tán síbẹ̀: ó pe Lord Melbourne, olórí ìjọba, lẹ́jọ́ pé ó bá aya òun ṣe panṣágà. Àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ dá Melbourne láre ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìdáláre náà kò dá ọmọ kankan padà fún Caroline. A ti kó wọn lọ sí Skọ́tilándì.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kí ó má tatí were. Obìnrin kò ní ìbò nígbà náà, ṣùgbọ́n Caroline ní kálàmù. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ, ó sì pín in fún àwọn aṣòfin. Ọ̀kan nínú wọn, Thomas Noon Talfourd, gbé òfin tuntun wá ní ọdún 1837. Àwọn alátakò wí pé bí aya bá mọ̀ pé òun yóò máa rí ọmọ òun, yóò tètè fi ọkọ sílẹ̀. Ní ọdún 1838 àwọn aṣojú ará ìlú gbà á, ṣùgbọ́n ilé àwọn ọlọ́lá kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1839 ó di òfin. Láti ìgbà náà, ìyá lè bẹ kóòtù kí a fi ọmọ tí kò tó ọdún 7 sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó máa rí àwọn tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá dá lẹ́bi panṣágà kò ní ìpín nínú rẹ̀, owó ẹjọ́ náà sì ju agbára tálákà lọ.

Èyí tí ó bani nínú jẹ́ ni pé òfin náà kò dé Skọ́tilándì. Ẹni tí ó jà fún un kò rí èrè rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1842, William, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ṣubú lórí ẹṣin, ọgbẹ́ náà sì di májèlé sí i lára. A ránṣẹ́ pe ìyá, ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ọmọ ti kú. Lẹ́yìn ikú yìí ni George tó yọ̀ǹda kí ó máa rí àwọn méjì tí ó kù.

Ní ti owó oúnjẹ ọmọ, òtòṣì ni ìyà jẹ jù. Òfin àwọn aláìní ti ọdún 1834 di ẹrù ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó lé ìyá nìkan lórí. Ní ọdún 1844 a gbà kí ìyá pe baba lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, kí ó lè gba ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 6 lọ́sẹ̀. Ní ọdún 1872 a sọ ọ́ di ṣílè 5.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń ṣí. Ní ọdún 1873 a sún ọdún 7 sí 16. Ní ọdún 1925 òfin wí pé ire ọmọ ni kí adájọ́ kọ́kọ́ wò, kí ó sì fi ṣe olórí ohun gbogbo. Ní ọdún 1973 baba àti ìyá di ọgbọọgba. Ní Nàìjíríà, òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fi ire ọmọ ṣíwájú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 tún fi kún un pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ máa tọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ.

Ẹ kíyèsí bí ìbéèrè ti yí padà. Láyé De Manneville, a ń bèèrè pé, “Ta ni ó ni ọmọ?” Lónìí, a ń bèèrè pé, “Kí ni yóò ṣe ọmọ ní rere?” Ọgọ́fà ọdún ó lé díẹ̀ ni ó gbà kí ìbéèrè kejì tó borí ti èkíní nínú ìwé òfin, kò sì tíì borí nínú ọkàn gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti pínyà wà lórí ìjókòó níwájú yín. Bí baba bá dé láti fà á lọ, tí ìyá sì dé láti fà á bọ̀, ẹ má ṣe bá wọn fà á. Ẹ rán wọn létí William Norton, ẹni tí ìyá rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú.