Fífi Ọ̀rọ̀ Wo Ọkàn Sàn: Ọ̀nà Wo Ni Ó Yẹ Ta Ni?

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí ìdààmú ọkàn bá dé bá ọmọ ìjọ, ọ̀dọ̀ pásítọ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti Yábà, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, jìnnà, pàápàá fún àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run mọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn, nítorí ọ̀nà wọn kò pa pọ̀.

Sigmund Freud, dókítà ní ìlú Vienna, gbà pé ohun tí a ti tẹ̀ rì sínú ọkàn láti ìgbà èwe ni ó ń da aláìsàn láàmú. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á máa sọ ohunkóhun tí ó bá wá sí i lọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni àpò wọn lè gbé e. Aaron Beck ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà kúkúrú láti àwọn ọdún 1960: èrò tí ènìyàn ń rò nísinsìnyí ni ó ń yẹ̀ wò. Bí oníṣòwò kan tí ọjà rẹ̀ wó bá sọ pé òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, wọn á bi í léèrè ẹ̀rí tí ó ní, wọn á sì fún un ní iṣẹ́ díẹ̀ láti ṣe nílé. Ó ń ṣe àwọn tí wọ́n sorí kọ́ ní àǹfààní púpọ̀.

Ti Carl Rogers ni ó kàn wá jù. Ó ti kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìsìn kí ó tó yà sí ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá. Ó ní kí olùtọ́jú tẹ́tí sílẹ̀, kí ó má sì dá ẹni náà lẹ́jọ́. Ẹ̀kọ́ yìí nira fún àwa oníwàásù: kí ẹni tí ń sunkún tó parí gbólóhùn kan, a ti ṣí Bíbélì.

Nílẹ̀ wa, Thomas Adéoyè Lambo gba ọ̀nà mìíràn ní Arò, Abẹ́òkúta, láti 1954. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó tún fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Freud ń dá aláìsàn gbọ́. Lambo kó ẹbí mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ nílò oògùn pẹ̀lú. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ibùdó Kristẹni sì wà lára wọn. Ojú tì wá. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi: níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn olùwòsàn nípa àdúrà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. A kò ní kí a dá àdúrà dúró. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, kí ó má fi ààwẹ̀ dá oògùn dúró, kí ó sì bá aláìsàn náà wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.