Ariwo Tó Nídìí: Àwo Orin Kan Láti Jámánì, 1969

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ àwo orin Monster Movie lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ariwo ni mo pè é. Ìlù kan náà ń dún ṣáá, gìtá ń han, akọrin sì ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ìgbà tí mo ka ìtàn àwọn tó ṣe é ni mo tó mọ̀ pé ariwo náà nídìí.

Ẹgbẹ́ olórin Can, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Köln ní ọdún 1968, ló ṣe é. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí láti 1945, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà tó bá ìjọba Hitler ṣiṣẹ́ ṣì wà nípò, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọdé bi wọ́n léèrè. Irmin Schmidt, tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ náà, kò dákẹ́. Nígbà tó wà nílé-ìwé, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn olùkọ́ kan ti jẹ́ Násì rí. Wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé.

Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ orin ìgbà ogun, wọn kò sì fẹ́ máa sín àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ. Tiwọn ni wọ́n ń wá. Holger Czukay tó ń ta gìtá béèsì ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Stockhausen, ògbóǹtarìgì nínú orin ìgbàlódé. Olùkọ́ ni, Michael Karoli sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ gbọ́ orin àwọn Beatles, tí olùkọ́ fi rí i pé ọgbọ́n wà nínú rọ́ọ̀kì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ilé olódi àtijọ́ kan ní Nörvenich, nítòsí Köln, ni wọ́n ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn á lù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Czukay á wá gé téèpù, á sì so ó pọ̀. Orin Yoo Doo Right nìkan gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ó kún ojú kejì àwo náà. Ẹ̀dà 500 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀.

Ta ni akọrin wọn? Malcolm Mooney, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ní ilẹ̀ tí ìjọba Hitler ti kọ́ àwọn ènìyàn pé aláwọ̀ dúdú kò tó èèyàn, ohùn rẹ̀ ló ṣáájú. Ọ̀rẹ́ mi ní orin kò lè tún ìtàn ṣe. Òótọ́ ni, àwo yìí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ jogún ìdákẹ́jẹ́ bàbá rẹ̀.

Èmi náà ń kọ ìròyìn fún pátákó ìkéde ilé-ìwé wa. Látìgbà tí mo ti ka ìtàn Schmidt ni mo ti ń bi ara mi pé: ká ní èmi ni, ṣé mi ò ní dákẹ́? Mi ò tíì rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò pe àwo náà ní ariwo mọ́.