Oríkèé Ni, Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́: Iṣẹ́ Ọkẹ́sítírà nínú "Band on the Run"

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé ṣáájú wa nípa "Band on the Run", orin tí Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá lọ́dún 1973, ni ó gbà pé Èkó kò fi nǹkan kan sí i ju ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI tí wọ́n lò lọ, àti pé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti fi gòjé àti fèrè ọkẹ́sítírà lé e, ni ó fún un ní ẹwà. Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n pípẹ́ kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ohun tí ó mú wọn ṣìnà ni pé wọn kò ya ọ̀ṣọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oríkèé.

Ìtàn ìrìn-àjò náà kò ṣàjèjì sí wa. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni Henry McCullough àti Denny Seiwell fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé Paul, Linda aya rẹ̀ àti Denny Laine nìkan, pẹ̀lú Geoff Emerick olùgbohùnsílẹ̀, ni ó gúnlẹ̀ sí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Àwọn olè sì dá tọkọtaya náà lọ́nà, wọ́n gba téèpù àwọn orin wọn lọ. Mélòó nínú ìtò orin wa yìí ni ó jẹ́ ohun tí a tún fi orí rántí ní Èkó? Ìbéèrè ńlá ni, ó tó àpilẹ̀kọ mìíràn.

Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí a lè bọ́ kúrò lára kí ara má sì ṣàì wà ní odidi. Oríkèé ni ohun tí a kò lè yọ láìjẹ́ pé apá já kúrò lára. Abala mẹ́ta ni orin yìí ní, ìrìn wọn kò sì dọ́gba: èkíní ń rọra bọ̀, èkejì le koko, ẹ̀kẹta ń bá gìtá yára lọ tayọ̀tayọ̀. Láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta gan-an ni ọkẹ́sítírà ti bú jáde. Àwọn tí ó tọpa iṣẹ́ náà sọ fún wa pé Àpápá ni a ti gba abala méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀, àti pé AIR Studios ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti gba ẹ̀kẹta, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Tony Visconti ni ó sì kọ ipa ọkẹ́sítírà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ibi tí Èkó parí sí, tí Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀, ni àwọn gòjé wọ̀nyẹn dúró sí.

Bí òwe bí òwe là á lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù kò wà fún ẹwà nìkan: òun ni ó ń darí, bí ó bá sì yí ìlù padà, oníjó yóò yí ẹsẹ̀ padà. N kò sọ pé McCartney kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ onílù kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ gbọ́ orin Fela ní Èkó. Ohun tí mo ń sọ, tí n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lẹ́nu mi, ni pé iṣẹ́ ìyáàlù ni ọkẹ́sítírà yìí ṣe.

Fela, abàmì ẹ̀dá, fẹ̀sùn kan McCartney ní gbangba pé ó wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú. McCartney náà sì gbé orin rẹ̀ fún Fela gbọ́, kí ó lè rí i pé kò jí nǹkan kan. Ẹjọ́ náà kò yẹ kí ó parí síbẹ̀, nítorí ohùn orin nìkan ni àwọn méjèèjì yẹ̀ wò, wọn kò yẹ ìtò rẹ̀ wò. Remi Kabaka, ọmọ Nàìjíríà, lu ìlù sí "Bluebird" nínú àwo ńlá tí "Band on the Run" wà, Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti lù ú: ẹni tí ń fi ibi ìgbohùnsílẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́, kí ni yóò ti wí sí èyí?

Lọ́dún 1974 ni orin náà jáde lórí àwo kékeré, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, ìbáà wà ní Àpápá tàbí níhìn-ín ní Dutsen Kura ní Minna, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì fi ọkàn yọ ọkẹ́sítírà kúrò. Kò ní rí ohun tí yóò so abala kejì mọ́ ẹ̀kẹta. Oríkèé kì í so ohun kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú méjì tí èyí so pọ̀ sì jẹ́ ti Èkó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ìtàn orin tí a gbà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó yọ orin yìí sẹ́yìn, ìtàn rẹ̀ kò pé.