Orúkọ Lára Ìfági

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé inú ìwé àti àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan ni ìtàn máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìtàn a máa bá igi àti irin tí ó ti dípẹtà gbé, a sì máa wà nílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà tó kọjá níbẹ̀.

Ní ìlú kékeré Brimfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjà kan wà tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí. Gordon Reid ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1959 lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onílẹ̀ mìíràn ṣí pápá tiwọn fún àwọn oníṣòwò, títí àgọ́ fi kún ìhà méjèèjì ọ̀nà ńlá tí ó la ìlú náà kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń ná an lọ́dún: nínú oṣù Karùn-ún, oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án. Àga, àwo, aago, aṣọ àti àwòrán àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í gbójú sókè wo àwòrán. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń wò, àti inú àpótí tí ọlọ́jà da irin jánganjàngan sí. Irinṣẹ́ ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ ni wọ́n ń wá. Ọdẹ ni wọ́n lóòótọ́: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń fi iná tọ́ọ̀ṣì tú ìpàtẹ, bí ọdẹ òru tí ó gbé fìtílà kọ́rí.

Àmì ni ọdẹ fi ń mọ ipa ẹran. Àmì náà ni àwọn wọ̀nyí ń tọ̀. Bí wọ́n bá rí ìfági onírin, irinṣẹ́ tí a fi ń bó ojú pákó kí ó lè jọ̀lọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Stanley ní New Britain, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, èyí tí ó ra ẹ̀tọ́ Leonard Bailey lórí irú ìfági bẹ́ẹ̀ ní 1869. Ilé iṣẹ́ náà a máa kọ ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ sí ara irin. Èyí tí ọjọ́ mẹ́ta bá wà lára rẹ̀, méjì ní 1902, ọ̀kan ní 1910, kò lè dàgbà ju 1910 lọ. Ti ayùn kò yàtọ̀. Idẹ róbótó tí ó wà lára èèkù ayùn Henry Disston ti Philadelphia ń sọ ìtàn ìdílé: láti 1865, nígbà tí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe alábàáṣe, ni a ti ń rí “àti ọmọ” lẹ́yìn orúkọ bàbá. Ìwọ̀nyí kò ṣòro. Irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn.

Ìfági onígi ni ó ń mú àyà ọdẹ lù kìkì. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, oníṣẹ́ a máa fi òǹtẹ̀ irin lu orúkọ rẹ̀ sí imú ìfági tí ó bá ṣe. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò yóò kọ́kọ́ wọn gígùn rẹ̀: ti ìgbà àkọ́kọ́ ní àgbègbè New England sún mọ́ íǹṣì 10, ti ìgbà tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 9½. Yóò wo igi rẹ̀, nítorí pé birch ni wọ́n sábà ń lò kí beech tó gba ipò rẹ̀. Yóò fi àtàǹpàkò pa etí òkè rẹ̀ wò, bóyá igun tí wọ́n gé níbẹ̀ fẹ̀ tí ó sì tẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé imú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ láti ka orúkọ.

Lára orúkọ tí a ti kà báyìí ni CE. CHELOR, ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sọ pé Wrentham ni ó ń gbé. Cesar Chelor ni. Ènìyàn dúdú ni, ẹrú sì ni, ní ilé Francis Nicholson, díákónì kan ní Wrentham, ní Massachusetts yìí kan náà. Nicholson (1683–1753) ni a mọ̀ sí aṣe-ìfági àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Chelor ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí Nicholson kú ní 1753, ìwé ìhágún rẹ̀ sọ Chelor di òmìnira, ó sì fún un ní ibùsùn, tábìlì iṣẹ́, irinṣẹ́, igi tí yóò fi ṣiṣẹ́, àti ilẹ̀ éékà 10. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni èyí fi ṣáájú 1783, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà là á mọ́lẹ̀ pé òfin kò fàyè gba ìfiniṣẹrú mọ́. Chelor ṣe ìfági ní orúkọ ara rẹ̀. Ó kú ní 1784.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àkọsílẹ̀ ayé ìgbà náà ṣe sí ọ̀pọ̀ ẹrú: àárín màlúù àti àga ni wọ́n ka wọn mọ́ nínú ìwé ogún, bí wọ́n bá tilẹ̀ dárúkọ wọn. Ti Chelor yàtọ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ní òǹtẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ra igi tí ó lù ú sí, wọ́n lò ó, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ náà sì ń bá a lọ. Ó tilẹ̀ yẹ kí a béèrè pé mélòó nínú àwọn ìfági tí ó ní orúkọ Nicholson ni ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Chelor. Òǹtẹ̀ ọ̀gá kì í sọ ẹni tí ó làágùn.

Iṣẹ́ àwọn ọdẹ wọ̀nyí kò mọ sí kátà-kárà. Ní 1933 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Early American Industries Association sílẹ̀ fún ìwádìí irinṣẹ́ àtijọ́. Ní 1983, Emil àti Martyl Pollak tẹ ìwé jáde lórí ìfági onígi Amẹ́ríkà àti àwọn tí ó ṣe wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí kò sí ẹ̀rí mìíràn nípa wọn ju òǹtẹ̀ ara igi lọ.

Nítorí èyí ni fífọ irinṣẹ́ àtijọ́ fi ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wọn. Ẹni tí ó fẹ́ fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́ a fẹ́ kí ó mú, kí ó sì dán, èyí kò sì burú fún ìfági Stanley tí irú rẹ̀ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi sáńpépà ha imú ìfági birch ti ha orúkọ kúrò, kò sì sí ọ̀dà tí yóò dá a padà. Ẹlẹ́tàn wà pẹ̀lú: bí orúkọ bá ti gbówó lórí, àwọn kan a ṣe òǹtẹ̀ èké. Ọdẹ tí ó gbọ́n a wo inú lẹ́tà. Bí ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ bá bo ojú igi, tí inú lẹ́tà sì mọ́ tónítóní, a rọra dá ìfági náà padà sínú àpótí, a sì kọjá sí ìsọ̀ tí ó kàn.