Kí Ẹ Tó Fọ́ọ̀màtì Kọ̀ǹpútà Yín: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹni Tó Ń Jẹ Ọpọlọ Rẹ̀ Lábẹ́lẹ̀

Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú ní Òkè-Ògùn báyìí, oríṣi ìbéèrè kan ló máa ń pọ̀ lórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù mi ń gbóná bí ààrò, fáànù ẹ̀ ń pariwo, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n fọ́ọ̀màtì ẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?"

Èsì mi kì í yí padà: ẹ má tíì ṣe é. Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ lè máa padà wá wò ó nígbà tọ́rọ̀ bá délẹ̀.

Ohun tójú mi rí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ sí Ìsẹ́yìn láti fọ̀rọ̀ wá bàbá àgbà kan tó ń hun aṣọ òfì lẹ́nu wò. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹtù, àlàárì àti sányán, àti bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá tiwọn. Mo gbé ohùn náà sórí láptọ́ọ̀pù, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù torí pé ààyè ti kún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí láptọ́ọ̀pù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò yẹ nǹkan kan wò. Ó ní, "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́," ó fọ́ọ̀màtì ẹ̀, mo sanwó. Èmi náà ò rántí sọ fún un pé nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ara kọ̀ǹpútà dá ṣáṣá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ti fláàṣì mi bọ̀ ọ́, mo fi áàpù tí mo fi ń gé ohùn sí i padà, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni fáànù tún bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Áàpù yẹn gan-an ló gbé olè wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀màtì ò wo nǹkan kan sàn, ohùn bàbá nìkan ló gbé lọ. Nígbà tí mo fi padà sí Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un sọ, wọ́n ní bàbá ti papò dà. Ká ní mo ti lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí, ohùn yẹn ì bá ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kí ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀?

Kì í ṣe ohun tí ẹ ṣí sójú nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, àṣé èèyàn mẹ́wàá ló ń dáná lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan ń wá fáírọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń gba àtúnṣe láti Microsoft, ọ̀kan ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì yín sílẹ̀ kó lè tètè rí wọn. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ nìyẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì wúlò. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan bá gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn CPU, mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́, tí kò sì fi í sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, owó ni ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, iná tó ń mu lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bátìrì tó yẹ kó gbé yín fún wákàtí mẹ́rin á kú láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Tí iná ò bá sí, ẹ ó tan jẹnẹrétọ̀, epo tí ẹ rà á sì máa bọ́ áàpù tí ẹ ò mọ̀ rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣí Task Manager

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager nìyẹn, ó ti wà nínú Windows láti ọdún 1996 tí Windows NT 4.0 jáde. Dave Plummer, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft nígbà náà, ló kọ ọ́.

Ẹ lọ sí Processes, kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ CPU sí lókè. Èyí tó ń jẹun jù á bọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ máa wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo èyí tó bá fò dé 60% ló jẹ̀bi. Tó bá fò sókè tó sì padà, ó ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán ni. Èyí tó lọ sókè tó jókòó síbẹ̀ là ń wá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà ni, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó ti ṣẹ́ jọ ló ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ orúkọ wọn

Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé jù nìyí:

*System Idle Process.* Ẹ máa rí i ní Details, tó ń sọ 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó ń sọ ni iye ọpọlọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dáa tó.

*Antimalware Service Executable*, tí fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ MsMpEng.exe. Ọlọ́dẹ Windows ni, òun ló ń wá fáírọ́ọ̀sì. Ẹ má pa á. Ẹ jẹ́ kó yẹ ilé wò tán nígbà tí iná bá wà. Tó bá ń yọ yín lẹ́nu ju, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ kọ: Set-MpPreference -ScanAvgCPULoadFactor 20. Ìwọ̀n 50% ni Microsoft gbé kalẹ̀ fún un tó bá ń yẹ ilé wò. Ẹ ti sọ fún un báyìí pé kó gbìyànjú láti má kọjá 20%. Iṣẹ́ á pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin náà á ráyè mí.

*TiWorker.exe*, tàbí Windows Modules Installer Worker. Òun ló ń fi àtúnṣe Windows síbi tó yẹ. Tí ẹ bá gé e ní àárín, wàhálà lẹ rà. Ẹ jẹ́ kó parí, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí yín ránṣẹ́ sí olùkọ́ ní Poly Ṣakí ni, ẹ ti yára lọ sí Settings ṣáájú, kí ẹ sọ Wi-Fi yín di Metered connection. Èyí máa ń dá ọ̀pọ̀ àtúnṣe dúró, ó sì ń dá dátà sí.

*SearchIndexer.exe.* Akọ̀wé tó ń to orúkọ fáìlì. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹgbẹ̀rún fọ́tò ìgbéyàwó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ á dí. Ẹ wá Searching Windows nínú Settings, kí ẹ mú Classic dípò Enhanced, kó má baà máa tú gbogbo ilé.

*Service Host*, tàbí svchost.exe. Agbada lèyí, ohun tó wà lábẹ́ agbada ló yẹ kí ẹ wò. Ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an hàn yín.

*Chrome tàbí Edge.* Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́jọ́ níbi tí wọ́n wà: ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀ nínú Chrome. Ó ní Task Manager tirẹ̀, tó ń fi ojú ìwé tó ń jẹun hàn. Ojú ìwé kan ṣoṣo tí ìpolówó kún inú ẹ̀ lè máa jẹ ju gbogbo ogún yòókù lọ.

Àwọn kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láéláé: csrss.exe, wininit.exe, lsass.exe. Òpó ilé ni wọ́n. Tí ẹ bá yọ wọ́n, ilé á wó, ohun tí ẹ ò tíì fi pamọ́ á sì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi í pé níbo ló ń gbé

Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ orúkọ ọmọlúàbí. Fáírọ́ọ̀sì náà lè pe ara rẹ̀ ní svchost.exe. Adírẹ́sì rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi eku kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ náà ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ mú Open file location. Ojúlówó svchost, inú C:\Windows\System32 ló ń gbé. Tí ẹ bá bá a nínú Temp, nínú Downloads, tàbí nínú AppData, ẹ mọ̀ pé àlejò tí ẹ ò pè ni.

Áàpù gidi tó kàn ń jẹun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lè mú End task fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ yín pamọ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà ló ń padà wá, ẹ lọ sí Startup apps nínú Task Manager kan náà, kí ẹ mú Disable. Kò pa áàpù náà rẹ́, ó kàn ní kó má ṣe jí títí ẹ ó fi pè é ni.

Olè tó ń fi ọpọlọ yín wa owó

Irú èyí ló mú mi. Owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Monero, tó jáde ní ọdún 2014, ṣeé fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà lásán wa bí ẹni ń wa kùsà. Iná tó ń jẹ pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olè fi ń wa tiwọn lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Coinhive gbé kóòdù kan jáde tó ń wa Monero lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá ṣí ojú ìwé kan lásán. Àwọn jàǹdùkú gbà á, wọ́n ń fi sínú ojú ìwé tí kì í ṣe tiwọn. Coinhive kógbá wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2019, àmọ́ iṣẹ́ náà ò parí. Inú áàpù tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, géèmù ọ̀fẹ́ àti ohun tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìsanwó ló sábà máa ń sá sí.

Àwọn kan nínú wọn gbọ́n débi pé tí ẹ bá ti ṣí Task Manager, wọ́n á dákẹ́. Nítorí náà, tí fáànù bá ń pariwo, tí ẹ wá ṣí Task Manager tí gbogbo nǹkan rọlẹ̀ lójijì, tí ẹ tì í tí ariwo tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fura. Ẹ lọ sí Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, kí ẹ mú Microsoft Defender Antivirus (offline scan). Kọ̀ǹpútà á kú, á tún tàn, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí olè tó jí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà, ẹ rí i pé bátìrì kún. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ áàpù tó gbé e wá, kí ẹ sì pa á rẹ́ lórí fláàṣì pẹ̀lú. Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn.

Tó bá jẹ́ Mac tàbí Linux

Lórí Mac, Activity Monitor ni ẹ ó ṣí. mds_stores ni akọ̀wé tiwọn. kernel_task tó ga sábà máa ń jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti gbóná, ó sì ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́ kí ara ẹ̀ lè tutù. Lórí Linux, ẹ ṣí terminal, kí ẹ kọ top; tí ẹ bá rí i tán, ẹ tẹ q.

Ooru àti eruku

Nígbà míì, kò sí olè kankan. Kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù máa ń dín eré tirẹ̀ kù kó má baà jóná, iṣẹ́ kékeré á wá dà bí òkè. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ wa yìí máa ń dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Tó bá di dandan kí ẹ fọ́ọ̀màtì

Nígbà míì ó máa ń di dandan, pàápàá tí Windows fúnra rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín sí ibòmíì, kí ẹ ṣí wọn níbẹ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n ṣí. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé kó lo Windows tó ti ojúlé Microsoft wá, kì í ṣe èyí tó wà lórí fláàṣì tó ti fi ṣe ogójì kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì rántí pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025. Tí kọ̀ǹpútà yín bá lè gba Windows 11, òun ni kí ẹ béèrè.

Tí ẹ bá rí orúkọ tí kò sí nínú èyí tí mo kọ, ẹ ya àwòrán Task Manager yín kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wò ó. Ní báyìí, ṣé fáìlì kan wà lórí kọ̀ǹpútà yín tí ẹ ò ní ibòmíì tó wà? Ẹ dà á sí ibòmíì lónìí, kó tó di pé fáànù bẹ̀rẹ̀ ariwo.