Ọ̀fẹ́ Ni Atẹ́gùn, Iná Rẹ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́

Ará Ajégúnlẹ̀ tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí lálẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo sí létí, lè béèrè pé: èéṣe tí a kò fi atẹ́gùn yìí tan iná? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Àpápá ní 1923, èédú Enúgu ló ń jẹ. Owó ni wọ́n fi ń ra èédú. Ẹnikẹ́ni kì í ra atẹ́gùn.

Atẹ́gùn òkè Àríwá le ju tiwa lọ, nítorí náà ní Lambar Rimi, ní Kàtsínà, ni ìjọba ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010: ẹ̀rọ 37, mẹ́gáwáàtì 10 lápapọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn agbébọn jí ẹnjiníà ará Faransé kan gbé, iṣẹ́ bá dúró. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ: atẹ́gùn wà, ààbò kò sí.

Ẹ wá wo Taïba N'Diaye ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹ̀rọ 46 ni tiwọn, mẹ́gáwáàtì 158.7, iná àkọ́kọ́ jáde ní ìparí 2019. Kí wọ́n tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀, Senelec, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba wọn, ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa ra iná náà fún 20 ọdún. Ìwé yẹn ni àwọn ayánilówó rí tí wọ́n fi tú àpò.

Ẹ bi oníṣòwò Àpápá léèrè: ta ló ń kó ẹrù ńlá wọlé láì mọ ẹni tí yóò rà á? Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ atẹ́gùn bá wa gúnlẹ̀ bí ajé, oníbàárà tó ń sanwó àti ààbò ni ká kọ́kọ́ wá. Atẹ́gùn ní tiẹ̀ kò lọ síbì kan.