Orin Wo La Fẹ́ Gbé Síwájú Olùdánwò?

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá wa kù sí dẹ̀dẹ̀, orin tí a máa lù ló dá wa láàmú ju bí a ṣe máa lù ú lọ. Ọmọ Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ni wá. Apíìrì là ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà nílé wa, alámọ̀ sì ni àwọn ìyá wa ń kọ. Àmọ́ Bach àti Beethoven ló kún inú ìwé tí wọ́n gbé fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ṣáájú wa. T.K.E. Phillips lọ kọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà di atẹdùrù Christ Church ní Màrínà, Èkó, ní 1914. Ohùn orin òyìnbó ni ìjọ fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá láyé ìgbà yẹn. Bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, ọkọ́ tí a fi ń roko á di ọkọ̀. Phillips ní kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá, èyí tó jáde ní 1953. Fela Sowande, tó ti kọrin lábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, gba oyè FRCO ní 1943, ó sì gbé ohùn orin ilé wọ inú dùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀ Bánkọ́lé kọ Nigerian Suite fún píánò ní 1957, kó tó pé ẹni ọdún 23. Ọmọdé bíi tiwa náà ni, àbí?

Nítorí náà a mú Bach kan, a mú Bánkọ́lé. Ìyẹn kò ní wàhálà. Apíìrì tí a fi ṣe ìkẹta ló dá ìjà sílẹ̀.

“Ìwé orin rẹ̀ dà?” Ohun tí olùkọ́ wa kan bèèrè nìyẹn. Kò sí ìwé. Ẹnì kan ń dá a, àwọn yòókù ń gbè é, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, ẹni tó ń dá a sì ń ki ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Báwo la ṣe fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí kò tíì dé sílẹ̀?

Síbẹ̀ a jókòó lóru, a kọ ọ́. A kọ ègbè, a kọ ìlù ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Níbi oríkì, a fa ìlà márùn-ún, a ò kọ nǹkan kan sórí wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fà á lé olùdánwò lọ́wọ́.